Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tọ́ mi dàgbà ní Egan, nítorí ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí bàbá tó bí mi kú. Bíríkìlà ni wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí Èkó, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ láti Igando títí dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń gbàdúgbò kọjá tí kò tíì gbọ́ ohùn wọn.

Lójú Bàbá, ọ̀lẹ ni gbogbo ayé. Ọmọ iṣẹ́ tó bá jókòó mumi, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Egan dé Igando, ọ̀lẹ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ dà? Èmi tí mò ń gbálẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́ kedere, ọ̀lẹ ni mí, torí wọ́n ti kírun àsùbáà tán kí n tó mú ìgbálẹ̀. Síbẹ̀, àwọn náà ni wọ́n máa ń yọ egungun kúrò lára ẹja kí wọ́n tó fi í sínú àwo mi, títí mo fi wọ ilé ìwé gíga. Bí mo bá dúpẹ́, wọ́n á ní, “Jẹun jàre, ọ̀lẹ.”

Bí ẹnikẹ́ni bá wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn kì í bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n á fi àtàǹpàkò ra á. Bó bá yi, kó lọ gbé ṣọ́bìrì. Bó bá rọ̀, wọ́n á ju ọwọ́ náà sílẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe fún àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí wọn. Ó dọ̀bálẹ̀, kó tó dìde tán wọ́n ti gba ọwọ́ rẹ̀.

“Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?”

“Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ṣiṣẹ́, sà. Inú ilé ni mo ti ń ṣe é.”

“Nínú ilé? Lórí àga?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Wọ́n ju ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ọ̀lẹ.”

Inú bí mi. Èmi náà kì í lè pa ẹnu mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti kọ́ ọ. Mo ní, “Bàbá, ṣé búlọ́ọ̀kù ló fẹ́ gbé níyàwó ni àbí èmi?” Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn máa rò ó, kí a pa dà wá lẹ́yìn Iléyá, ìgbà yẹn ni àwọn máa dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó di Iléyá, wọ́n ṣubú níbi iṣẹ́ kan ní Baruwa. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Kí a tó gbé wọn dé ọsibítù, apá ọ̀tún ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú, ọ̀rọ̀ ti lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n la ẹnu, gbogbo wa sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. “Ọ̀lẹ,” ni wọ́n wí. A rẹ́rìn-ín, a sì sunkún, a rò pé ara wọn ti ń bọ̀ sípò. A ò mọ̀ pé ìyẹn nìkan ló kù. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà mìíràn, pé ọ̀rọ̀ tó mọ́ èèyàn lẹ́nu jù lè ṣẹ́ kù nígbà tí ìyókù bá ti lọ.

Wọ́n fẹ́ mumi, ọ̀lẹ. Ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, ọ̀lẹ. Ẹ pa rédíò, ọ̀lẹ. Èmi ni mò ń tọ́jú wọn, èmi náà ni mo wá di ògbufọ̀ wọn. Ojú wọn ni mo máa ń wò. Bí wọ́n bá wo ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ jókòó síta. Bí wọ́n bá dijú pinpin, ara ń ro wọ́n. N kì í sábà ṣì í gbọ́.

Àfi ìbéèrè kan. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi wọ́n pé, “Bàbá, ọ̀rọ̀ ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ gbà?” Mo ní kí wọ́n mi orí, orí ń gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń gbọ̀n látìgbà tí àìsàn ti dé. Mo ní bí wọ́n bá gbà, kí wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n dì í mú kí n tó sọ̀rọ̀ tán, nítorí kò sígbà tí wọn kì í dì í mú. Ọgbọ́n tán nínú mi.

A sún ọjọ́ yìgì síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, ẹbí ní kò ṣeé sún mọ́, a sì ṣe é ní pálọ̀ wa kí Bàbá lè wà níbẹ̀. Ààfáà ní Bàbá ni wọ́n dúró bíi bàbá fún mi, pé bí wọ́n bá yọ̀ǹda, àbúrò wọn ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n á bá wọn sọ ìyókù. Ààfáà kúnlẹ̀ síwájú àga Bàbá.

“Bàbá, ṣé ẹ yọ̀ǹda ọmọ yín fún ọkùnrin yìí?”

Bàbá na ọwọ́ òsì, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n gba ọwọ́ ọkọ mi, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè pẹ̀lú làálàá, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á.

“Ọ̀lẹ.”

Ààfáà wo àbúrò Bàbá, àbúrò Bàbá yíjú sí èmi tí mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ní:

“Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Kí ni wọ́n wí?”

Mo wo ojú Bàbá. Èmi ni wọ́n ń wò. Omi wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò rí i.

“Wọ́n ní àwọn gbà,” ni mo wí.

Wọ́n so yìgì. Bàbá ò sì fi ọwọ́ ọkọ mi sílẹ̀, èèyàn méjì ló tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá wọ́n ń gbà á mọ́ra ni, bóyá wọn ò fẹ́ kó mú mi lọ ni.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà, Bàbá kú láàárọ̀, a sì sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀. Ọkọ mi wà lára àwọn tó gbẹ́ sàárè. Wọ́n ní kó gbé ṣọ́bìrì fún ẹlòmíràn, kò gbà, ó gbẹ́ ẹ títí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó délé, mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo yí i sókè. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti lé, ó ti bó, ẹ̀jẹ̀ ń yọ. Mo fi àtàǹpàkò mi ra á díẹ̀díẹ̀. Mo gbójú sókè láti fi han Bàbá, àga wọn ṣófo.