Fóònù Màmá àti Ọrùn Aṣọ Kan

Ogójì ọdún ni màmá mi fi ránṣọ nínú yàrá kan ṣoṣo, máṣíìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, téèpù lọ́rùn. Ó máa ń gbọ́ràn jù. Bí o bá ti kìlọ̀ nǹkan fún un lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Fóònù rẹ̀ ti pé ọdún márùn-ún. Gbogbo Sátidé ló fi ń pe ọmọ àbúrò mi obìnrin lórí fídíò, tó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́ télọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ náà ti ń rán aṣọ àkọ́kọ́, èyí tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi àṣeyẹ ìjáde ilé ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ọrùn ẹ̀ nìkan ló kù. Sátidé yẹn gan-an ni áàpù tí wọ́n fi ń pera wọn kọ̀ tí kò ṣí, ó ní fóònù náà ti pẹ́ jù.

"Ẹ jẹ́ kí n ra tuntun fún yín," ni mo wí. Èmi ò ní sùúrù fún nǹkan tó bá ti gbó.

"Tuntun tí màá fi oṣù mẹ́ta kọ́? Ọjọ́ Ajé lọmọ fẹ́ wọṣọ."

Ẹ̀rù ń ba Màmá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa. Ó tẹ ibì kan, ó wo màmá mi.

"Ìyá, kò sóhun tó ṣe fóònù yín. Ọdún méje niléeṣẹ́ tó ṣe é ní àwọn á fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ń fi ránṣẹ́. Ẹ ò gba ẹyọ kan rí, ìdí nìyẹn tí áàpù yẹn fi ní ó ti pẹ́ jù. Kí ló dé?"

Màmá nawọ́ sí mi. "Òun ló ní ohunkóhun tó bá ṣàdédé yọ lójú fóònù, kí n má tẹ̀ ẹ́, pé gbájúẹ̀ ni. Látìgbà náà ni mo ti ń lé wọn."

Ojú tì mí gan-an. Èmi ni mo sọ ọ́, mi ò sì padà wá sọ èyí tó yẹ kó tẹ̀.

Wákàtí méjì ni àtúnṣe náà gbà. Fóònù ń kú, ó ń tàn, Màmá ò kúrò nídìí ẹ̀. Nígbà tí áàpù ṣí, ojú ọmọ náà ti pọ́n fún ẹkún.

"Màmá àgbà, mo rò pé ẹ ò ní pè mọ́."

"Gbé aṣọ síwájú. Fi àlùmágàjí gé etí ọrùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó o tó yí i padà, kó má baà súnkì."

Orí àga obìnrin tó tún fóònù ṣe náà ni Màmá jókòó sí títí ọrùn aṣọ náà fi tẹ́ dáadáa.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ó bi mí pé, "Nínú ọdún méje yẹn, mélòó ló kù?"

"Méjì, Màmá."

"Ó tó. Màá kọ́ ọmọ yẹn ní ṣòkòtò lọ́dún yìí, kóòtù lọ́dún tó ń bọ̀."

Fóònù náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan kan ti yọ lójú ẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ mi: "Èyí ńkọ́, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Mo dúró, mo kà á tán kí n tó dá a lóhùn.