Ìrun Àsùbáà Tí Ìyá Àgbà Kí Lẹ́ẹ̀mejì

Òórùn ọṣẹ dúdú ló máa ń jí mi ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ta ọṣẹ náà àti kànìnkànìn ní Ọjà'ba. Yàrá wọn ni gbogbo àwa ọmọdé ń sùn, láàárín apẹ̀rẹ̀ ọṣẹ. Tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, a ó tò sórí ìkúnlẹ̀, wọn yóò sì máa kì wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má rò pé oríkì tó ń mú orí wú nìkan ni o. Ìyá Àgbà á kì ọmọ dé ibi tó dùn, wọ́n á wá so ẹ̀ṣẹ̀ tó dá lánàá mọ́ ọn nídìí. Ẹ̀gbọ́n mi Mùfú, tó máa ń sá fún omi ìwẹ̀, gba tirẹ̀ báyìí:

"Mùfú kò wẹ̀, ewúrẹ́ ń yà fún un,
Eṣinṣin tó bà lé e ti lọ wẹ̀ lódò Ògùnpa."

Kí a tó dé ilé kéú, àwọn ọmọ àdúgbò Oníyanrìn ti ń fi àtẹ́wọ́ gbè é. Mùfú sunkún títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo tó ọmọ ọdún méje nígbà tí mo jí ṣàkì kan jẹ nínú ìkòkò ìyá mi. Ìyá Àgbà rí mi. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo mọ̀ pé tí ilẹ̀ bá mọ́, Àṣàkẹ́ olè ṣàkì ni àdúgbò yóò máa pè mí títí n ó fi lọ́kọ.

Ọlọ́run ò kúkú sùn. Bí Ìyá Àgbà ṣe ń kírun láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí àwa wà lẹ́yìn wọn lórí ẹní, wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n sì só. Kì í ṣe isó yẹpẹrẹ. Àwa ọmọ kéú kéékèèké pàápàá mọ̀ pé àlùwàlá ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́, omi tutù, Ìyá Àgbà sì ń bá ìrun lọ bí ẹni pé aládùúgbò ló só.

Nígbà tó kàn mí, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Àṣàkẹ́ ọmọ mi..." Mi ò jẹ́ kí wọ́n dé ibi ṣàkì.

"Ìyá Àgbà forí kanlẹ̀, wọ́n ń bẹ Ọlọ́run,
Ìdí wọn ní àmín kí àdúà tó tán.
Omi wà nínú kẹ́tù, òtútù ń mú wọn,
Ìrun ń gòkè ọ̀run, isó ló ń sìn ín lọ."

Ìyá mi, tó ń gbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ti gbọ́wọ́ sókè láti fọ́ mi létí. Ìyá Àgbà ní, "Fi ọmọ sílẹ̀, ìyàwó. Àṣàkẹ́, tún un kà."

Mo tún un kà.

"Má sọ pé òtútù ń mú wọn," ni wọ́n wí. "Sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n gbé kẹ́tù, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n sì tún ìrun kí látìbẹ̀rẹ̀. Wọn kò mẹ́nu kan ṣàkì mọ́ láéláé.

Èmi náà ti di ìyá báyìí. Èmi ni mo fi irú ewì yìí kọ́ àwọn ọmọ mi, mo sì máa ń fi yangàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Síkírá àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún méje, kúnlẹ̀ kí mi, ó ní:

"Màmá mi ní ká má tẹ fóònù nídìí oúnjẹ,
Fóònù tiwọn ti jẹ ẹ̀bà tán, ó ń bèèrè omi."

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Ní ọmọ ọdún méje, mo láyà láti sọ òótọ́ fún àgbà. Mo wá dàgbà tán, n kò láyà láti gbọ́ ọ.

Lánàá, nídìí oúnjẹ alẹ́, mo ní kó tún un kà. Ó ń kà á, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo wá ibi tí mo lè tún ṣe nínú rẹ̀, n kò rí. Mo dìde, mo lọ ti fóònù mọ́ inú àpótí, mo sì padà wá jókòó ti ẹ̀bà mi.