Mo kúnlẹ̀ kí ìyá òyìnbó, ó ní mo ti ṣubú

Orúnkún mi fẹ́ẹ̀ dójú tì mí lónìí o!

Ọ́fíìsì tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣèrànwọ́ láìgbowó ní yunifásítì wa ló ní kí n lọ bá àwọn arúgbó mu tíì nílé ìtọ́jú wọn ní Coolock, ní Dublin níbí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọn ò ní fẹ́ràn mi. Bí mo ṣe rí ìyá àgbà kan báyìí, mo ti kúnlẹ̀.

Ó figbe ta: "Nọ́ọ̀sì! Ọmọ yìí ti ṣubú!"

"Rárá, mà. Bá a ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn."

"Ó dáa, tún un ṣe, kí ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí rí i. Kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ kí i rí."

Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi tí mo rò pé wọn á lé! Mo dúpẹ́ o.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ ti ṣèèṣì kúnlẹ̀ kí ní Dublin?