Ọjọ́ Tí Mo Dá Rin Ọ̀nà Abà

Òórùn òrí la fi ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti wọlé ní Ṣakí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti gbé ìkòkò òrí kaná lẹ́yìnkùlé wa. Òórùn ẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ èéfín igbó tí àwọn ọdẹ ti sun, á lẹ̀ mọ́ aṣọ èèyàn títí dé kíláàsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Tèmi ọmọ mi ló rán mi létí. Calgary níbí, ní Kánádà, la bí i sí, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Beltline. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Whitehorn lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ lọ fẹsẹ̀ rin àárín aṣálẹ̀ Australia, òun nìkan, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Mo ní, "Kí ló dé? Ṣé ọkọ̀ ti tán ní Australia ni?" Ó ní, "Mummy, ẹ fara balẹ̀, it's just a track. People do it." Mo ní àwọn people yẹn ò ní ìyá ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa pariwo ni mo rántí pé èmi náà ti dá rìn rí.

Àárọ̀ ọyẹ́ kan báyìí ni Àǹtí Ìbàdàn, àbúrò bàbá mi, sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ń mu tíì, ìka ẹ̀ kékeré á dá dúró lókè bíi pé ó ń bá àwọn ìka yòókù jà. Ó ní òun wá mú mi lọ. Òun á fi mí sílé ìwé gidi, èmi á máa pọn ọmọ, màá máa fọ abọ́, "kí ẹnu ẹ tó mú bí abẹ yìí lè rọlẹ̀ díẹ̀." Bàbá mi kì í bá àbúrò ẹ̀ jiyàn. Ó ní ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ máa gbéra.

Èmi ò fẹ́ lọ. Ọjà ni mo fẹ́ràn. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń bá ìyá mi jókòó sídìí àtẹ èlùbọ́, tí mò ń fi ẹnu fa àwọn oníbàárà mọ́ra. Ìyá mi nìkan ló sì lè sọ pé rárá kí wọ́n gbọ́. Àmọ́ kò sí nílé. Ó ti wà lábà láti ọjọ́ ọjà, ó ń bẹ iṣu tó máa fi ṣe èlùbọ́. Bí mi ò bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìbàdàn ni mo máa bá ara mi. Bí Àǹtí ṣe wọ balùwẹ̀ báyìí, mo bu omi sínú kèrègbè, mo ki iṣu sísun bọ àpò, mo jáde.

Ọ̀nà abà jìn. A kì í dá a rìn. Ńṣe la máa ń tò tẹ̀léra, ìyá mi níwájú, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo sì máa ń wò, mi ò wo ọ̀nà rí. Lọ́jọ́ yẹn, èmi nìkan ni, àti iyanrìn pupa, àti koríko gbígbẹ tó ga jù mí lọ, àti ojú ọ̀run tó funfun fún eruku. Kò sí ilé, kò sí ẹnì kankan tí mo lè kí. Ẹnu mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ni mo bá ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo fi ohùn Àǹtí bi ara mi ní ìbéèrè, mo fi ohùn tèmi dáhùn, èmi ni mo sì ń borí ní gbogbo ìgbà. Nígbà tí àwọn ẹyẹ awó ṣàdédé fò jáde nínú koríko, díẹ̀ ló kù kí n tọ̀ sára. Mo bú wọn títí wọ́n fi fò lọ tán.

Mo dé oríta. Ẹ ó rántí pé nígbà náà, ẹni tó bá ṣáájú a máa já ẹ̀ka tó léwé, a fi dí ẹnu ọ̀nà tí òun ò gbà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Ìyá mi kì í gbàgbé. "Ẹ wolẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó yà," ohun tó máa ń tẹnu mọ́ fún wa nìyẹn. Mo wolẹ̀, mo rí ẹ̀ka ewé tútù yọ̀yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà òsì. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣeun," mo yà sọ́tùn-ún, mo ń yan bí ìyàwó ọba.

Mo rìn, mo rìn. Odò gbígbẹ tó yẹ kí n sọdá, mi ò rí i. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo jókòó sábẹ́ igi òrí, mo já ewé kan, mo fi ń fẹ́ ara mi. Kí n tó sinmi tán, ọyẹ́ ti mú ewé náà, ó ti ń ká kò lọ́wọ́ mi. Ni ojú mi bá là. Ìyá mi ti kọjá láti ọjọ́ ọjà! Báwo ni ewé tiẹ̀ ṣe máa tutù yọ̀yọ̀ di òní? Ẹlòmíì tó ń lọ sóko tiẹ̀ láàárọ̀ yẹn ló dí ọ̀nà wa. Mo bú onítọ̀hún, mo bú àwọn ará ilé ẹ̀, ìgbà tí mo bú wọn tán ni mo wá bú ara mi, mo ṣẹ́rí padà. Ẹkún ń gbọ̀n mí, àmọ́ ta ni mo fẹ́ sun ún fún? Ẹyẹ awó?

Lóríta, mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ wá inú koríko lẹ́nu ọ̀nà ọ̀tún. Mo rí i, ẹ̀ka tí ìyá mi já. Ó ti gbẹ, ó ń rún lọ́wọ́, atẹ́gùn ti gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fo ewé tútù yẹn kọjá, mo gba ọ̀nà òsì, mo ń sáré.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo rí èéfín abà wa. Ìyá mi ń bẹ iṣu. Ó gbójú sókè. "Àjíkẹ́! Ìwọ àti ta ni?"

Mo ní, "Èmi àti ẹnu mi ni, Màámi."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí mo rojọ́ tán, ó dá oníkẹ̀kẹ́ kan tó ń lọ sílé dúró. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Àjíkẹ́ wà lọ́dọ̀ mi, kò sì lọ sí Ìbàdàn kankan. Bí Àǹtí bá ń wá ẹni tí kì í fèsì, ewúrẹ́ wa wà nílé, kí wọ́n mú un lọ."

Ọkọ̀ gbéra láìsí mi. Ilé ìwé Ìbàdàn náà bá a lọ, mi ò sì ní purọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rò ó, pàápàá bí òyìnbó báńkì bá ń sọ gẹ̀ẹ́sì nípọn-nípọn sí mi. Ọkọ mi tó jẹ́ ẹnjiníà ló kàwé fún àwa méjèèjì. Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún Tèmi, ó pàtẹ́wọ́. "Without a phone? Mummy, you're a legend!" Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un. Lẹ́yìn tí oníkẹ̀kẹ́ lọ, mo lọ mu omi. Bí mo ṣe yíjú, mo rí ìyá mi tó di òpó ahéré mú, tí ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Mo mú aṣọ lọ bò ó, mo padà sídìí iṣu. Ó pẹ́ kó tó yé mi.

Tèmi ti wà lójú ọ̀nà ní Australia báyìí. Èmi ni mo ní kó lọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ọmọ tó rin ọ̀nà abà yẹn láyà jù mí lọ jìnnà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju abọ́ Àǹtí lọ. Èmi àgbàlagbà, bí snow bá ti bolẹ̀, mi ò lè rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ibi train kí n má pe ọkọ mi kó wá gbé mi. Bí Tèmi bá rí network, á pè, á ní, "Mummy, the sky here, ẹ ò lè gbà gbọ́!" Mi ò kì í kí i. Mo máa ń kọ́kọ́ bú u dáadáa: alárìnkiri, ta ló rán ẹ níṣẹ́, ó dá mi lójú pé o ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó bá fi rẹ́rìn-ín tán, ohùn mi á ti balẹ̀, mo lè wá bi í bóyá ó ti jẹun.