Ọ̀nà Tí Mọ́tò Kì í Gbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, nílùú wa ní Òkè-Ògùn, kẹ̀kẹ́ bàbá mi ni mo fi ń gbé oúnjẹ lọ sóko. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń rí mi tí mo ń rọra gòkè ní Peckham Rye, ní London níbí, pẹ̀lú àpò ọjà mi, ẹ lè má gbà pé mo gun kẹ̀kẹ́ rí, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé mo sá eré lórí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ga jù mí lọ. Tí mo bá jókòó sórí ìjókòó rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò lè kan ibi tí wọ́n ń tẹ̀, nítorí náà mo máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ irin àárín, màá wá máa wà á lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ìyá mi kò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní kí ni àwọn ará àdúgbò yóò máa wí nípa ọmọbìnrin tó ń gun kẹ̀kẹ́. Bàbá mi kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa gùn ún. Àbí o fẹ́ kí iyán mi ti le kó tó dé oko ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí.

Nígbà tí mo ga díẹ̀ sí i, àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn mi. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Á gbá aṣọ mi mú lẹ́yìn, á máa sọ pé, "Àǹtí, ẹ sáré sí i." Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà oko wa, ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí tó fi ń dán. Igi emi àti igi máńgòrò wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹyẹ lékeléke á máa tẹ̀lé màlúù nínú koríko. Lọ́rì kan ṣoṣo ló máa ń gba ìlú wa kọjá lọ́jọ́ ọjà. A ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ látòkèèrè, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó máa juwọ́ sí dẹ́rẹ́bà títí yóò fi kọjá lọ. Ọkọ̀ kò tíì di ohun tí ọmọdé ń bẹ̀rù. Ẹ má ṣe ní kí n fi ọ̀nà yẹn hàn yín o. Nígbà tí mo lọ sílé gbẹ̀yìn, wọ́n ti sọ ọ́ di títì ńlá, tírélà ló ń gba ibẹ̀ tọ̀sán-tòru.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wá sí London, àbúrò mi náà wá bá mi lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe ní àwọn ọ́fíìsì tó wà lódìkejì odò. Gbogbo àwa yòókù ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló ra, kẹ̀kẹ́ náà ló sì ń gùn nínú òjò, nínú òtútù. Ní mọ́sálásí wa, tí ẹ bá ti rí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti mọ̀ pé ó ti dé nìyẹn. Títí ìyàwó rẹ̀ fi kú ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó jáwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ gígùn nílùú tí mọ́tò pọ̀ tó báyìí. Èsì tó máa ń fún un ni pé lórí kẹ̀kẹ́ nìkan ni òun ti ń rántí pé òun ní ìlú tí òun ti wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítòsí Elephant and Castle, ọkọ̀ akẹ́rù kan yà sósì láì wo ẹ̀gbẹ́, ó sì gbá a. Kò kú. Alhamdulillah. Wọ́n fi irin sí i lẹ́sẹ̀ àti ní ìbàdí, ó pẹ́ ní ọsibítù, ó tún kọ́ ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Àwọn dókítà ní ara rẹ̀ ti yá ju bí àwọn ṣe rò lọ. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ náà gbé e. Àmọ́ nígbà tó padà sí fúláàtì rẹ̀ ní Brockley, kò jáde mọ́. Yóò wọ bàtà, yóò dé fìlà, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ̀ kan bá ti kọjá, yóò padà wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn.

Ọmọbìnrin mi, tí mo bí síhìn-ín, ló mú ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan nílẹ̀ Faransé wá. Ó wá bá mi ní kíṣìnì lọ́jọ́ kan, ó gbé fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Mummy, ẹ wo èyí. Train ló ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yọ gbogbo irin rẹ̀. Bicycle nìkan ló ń gbabẹ̀ báyìí. No cars, Mummy. Kankan." Mo wo àwòrán náà. Ọ̀nà tẹ́jú lọ rọrọ láàárín oko ọkà, igi tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odò kékeré kan ń bá a lọ. Mi ò mọ̀ pé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ṣì wà láyé.

A lọ fi han àbúrò mi. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ ni pé mọ́tò kì í gbabẹ̀?" Ọmọ mi ní lóòótọ́ ni. Ó tún béèrè, ọmọ mi sì tún dá a lóhùn. Ó wá ní, "Ó dáa. Tí a bá débẹ̀, màá gùn ún." Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ó ń fi ẹsẹ̀ ṣeré ìdárayá nínú pálọ̀. Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà yẹn nìkan la ó máa sọ. A sọ ọ́ débi pé mo máa ń rẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo bá ń padà sílé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀, èmi àti ọmọ mi sì di apá àbúrò mi mú títí a fi débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ibẹ̀ dára ju àwòrán lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí ọkà, màlúù dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, àwọn arúgbó tó jù wá lọ ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n ń kí wa lédè wọn. A gba kẹ̀kẹ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ṣáájú, àbúrò mi wà láàárín, mo wà lẹ́yìn. Ó gùn ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn. Ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó tún wẹ̀yìn. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Mo gbọ́ kí ni?"

"Lọ́rì kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa."

Mo yíjú padà. Ọ̀nà náà ṣófo títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ewé igi ló ń dún. Kí n tó lanu sọ ọ́ fún un, ó ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó ti wọnú koríko, ó ṣubú síbẹ̀, ó sì fi apá méjèèjì bo orí. Ó fi ọ̀nà sílẹ̀ kí ọkọ̀ tí kò sí lè kọjá.

Ọmọ mi sáré padà, ó kúnlẹ̀ tì í. "Uncle, ẹ má worry, kò sí car kankan níbí. Ẹ wò ó, there's nothing."

Àbúrò mi dìde jókòó. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Orí mi mọ̀ ọ́n. Ara mi ni kò gbà."

Lọ́jọ́ kejì, ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé ojú ọ̀nà, ó dúró tì í títí, kò gùn ún. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ máa lọ, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kí n máa wò yín." Mo gùn ún lọ nítorí tirẹ̀. Láyé mi, mi ò tíì gun ọ̀nà tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, kò sì dùn mọ́ mi rárá. Nígbà tí mo padà, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lórí orúnkún. A kò sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ títí a fi wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́yìn èyí. Kí a tó lọ, ó ní ibì kan tó ń fi ọkàn sí. Ó gbà pé ibì kan wà láyé tí ẹ̀rù kò ti ní bà á. Nísinsìnyí, ó ti débẹ̀, ẹ̀rù sì bà á níbẹ̀ náà. Ó ní kí ọmọ mi bá òun wá ẹni tí yóò gbé kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé òun, tí wọ́n ti tún ṣe, lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ gbọ́ pé kí òun wá sí Jímọ̀ mọ́. Lẹ́mọ́mù lọ kí i, ó gbà wọ́n lálejò dáadáa, ó ní òun gbọ́, kò sì wá. Ọmọ mi bi mí léèrè pé, "Mummy, ṣé èmi ni mo make it worse?" Mo ní rárá. Kò sí nǹkan mìíràn tí ìyá lè sọ.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tiwa, àìní ló jẹ́ kí ọ̀nà wa dákẹ́. A kò mọ̀ pé nǹkan kan ni. A ń gbàdúrà kí mọ́tò dé ìlú wa, ó sì dé. Lónìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀nà ti di ohun tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ lọ wá ní ìlú onílùú, tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ bí ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí ara yín ṣì dá, ẹ lè lọ síbẹ̀. Àwa débẹ̀, kò sì wúlò fún wa mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ sí Brockley báyìí, lẹ́yìn ìrun. Mo máa ń bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kọ́tìnnì bò. Tó bá ti kí mi tán, á ní, "Àǹtí, báwo ni ìta ṣe rí?" Màá sọ fún un pé oòrùn ràn díẹ̀, pé ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Á ní ó dáa. Á wá ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun ti ilẹ̀kùn dáadáa.