Ìda Tí Mo Fẹ́ Ṣe Láti Ara Òróró Èkùrọ́

Tíṣà ni mí l'Ọ́sì láàárín àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n ìda ló gbà mí lọ́kàn. Kì í ṣe ìda oyin o. Mo kà á pé èèyàn lè da òróró èkùrọ́ pọ̀ mọ́ nǹkan funfun kan tí àwọn aṣèpara fi ń mú ìpara wọn ki, kí ẹ́ńsáìmù sì sọ méjèèjì di ìda. Irú ẹ́ńsáìmù bẹ́ẹ̀ ló wà nínú èéhù àgbàdo tó ń mú ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ dùn, àmọ́ ọ̀rá ni tèmi yìí ń tú, tó sì tún ń so.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwádìí ní Ìbàdàn mú ẹ́ńsáìmù náà wá nígbà tó wálé wá sìnkú: hóró wínníwínní, kò kún ṣíbí.

Ó ní, "Àbúrò, kò sí òmíràn mọ́ o. Wọ́n ti ti ibi iṣẹ́ wa pa."

Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò òróró tí mo ti po nǹkan funfun náà mọ́, mo gbé ìgò náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní ilé ìdáná Yèyé mi, mo sì ń fi tẹmómítà ṣọ́ ọ. Dígírì márùndínláàádọ́ta ni mo fẹ́. Bí ó bá gbóná jù, ẹ́ńsáìmù á kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí nǹkan bí omi nísàlẹ̀ ìgò. Mo tọ́ ọ wò: ó dùn. Gílísírìn ni, omi dídùn tó máa ń jáde lára òróró tó bá ń di ìda! Òróró ti ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ìda ti ń bẹ̀rẹ̀. Tayọ̀tayọ̀ ni mo gba iléèwé lọ.

Nígbà tí mo fi máa padà délé, òróró mi ti ń hó nínú ìkòkò.

Yèyé ní, "Tíṣà, ta ló kọ́ ẹ ní epo ṣíṣe? Omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, o gbé e kalẹ̀ ò ń wò ó. Ṣé o fẹ́ kó kan ni?"

"Yèyé, hóró inú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdọ̀tí yẹn? Ó wà nínú asẹ́. Ó ti yan dáadáa."

Láti Ìdòfin dé Kórò, kò sí obìnrin tó ń ṣe epo tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀: epo tó bá ṣì lómi nídìí kò tíì jinná. Nítorí tèmi ni Yèyé kò ṣe lọ sóko lọ́jọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ẹ́ńsáìmù inú hóró náà ti kú. Síbẹ̀ mo ṣa hóró dúdú wọ̀nyẹn, mo fọ̀ wọ́n, mo dà wọ́n sínú òróró mìíràn, mo sì jókòó tì í. Yèyé bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Mo gbé ìgò sókè, mo wo ìdí rẹ̀ bóyá omi ti wà níbẹ̀.