Màmá Rìn Dé Ojú Fèrèsé

Ìdajì orí oníbàárà ni Abẹ-kì-í-ṣì ti fá tán nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn, torí láti ìgbà tó ti ń gẹrun, abẹ rẹ̀ ò ya ẹnikẹ́ni lára rí. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó gbé abẹ sílẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ o, sà. Màmá yín ṣubú nínú yàrá wọn."

Láti ìgbà tí àìsàn ti gba agbára ẹsẹ̀ Màmá, bí wọn ò bá sí lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Báwo lẹni tí kì í dìde ṣe ń ṣubú?

"Ṣé wọ́n forí gbá nǹkan? Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ń sọ̀rọ̀ dáadáa, sà. Kódà, wọn ò fẹ́ dákẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Mo ti ń bọ̀."

Awakọ̀ takisí ni oníbàárà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì ti gbọ́. Ó tú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Ó yá, ká lọ."

"Orí rẹ ńkọ́?"

"Ṣé orí mi fẹ́ sá lọ ni? Ìyá ni ká kọ́kọ́ sáré wò."

Báyìí ni wọ́n ṣe já sínú òjò. Awakọ̀ ń sáré, Abẹ-kì-í-ṣì ń gbàdúrà, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn sì ń na ọrùn wo orí tí apá kan rẹ̀ dúdú, tí apá kejì ń dán.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n bá Màmá. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò tán ni. Ó ní egungun kankan ò ṣẹ́, ìbàdí ló kàn ń dùn wọ́n, àmọ́ àwọn á máa ṣọ́ wọn títí di ọjọ́ kejì, bóyá orí á fọ́ wọn tàbí èébì á gbé wọn.

Awakọ̀ ni Màmá kọ́kọ́ rí. "Ìwọ, ta ló lé ọ kúrò níbi tí o ti ń fárí?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn ò tíì lè rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń wá kiri tí ẹ fi ṣubú?"

Màmá nawọ́ sí fèrèsé tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì kejì, níbi tí arúgbó mìíràn dùbúlẹ̀ sí. "Òjò ń fẹ́ wọlé sára ọ̀rẹ́ mi yìí, kò sì lè yíra padà. Mo tẹ aago tí a fi ń pe nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ni mo bá di bẹ́ẹ̀dì mú, mo di tábìlì mú, mo di ògiri mú, mo sì ti fèrèsé. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ ni omi ilẹ̀ mú ẹsẹ̀ mi yọ̀. Wọ́n ní bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé mo ti rìn!"

"Ó rìn," ni ọ̀rẹ́ wọn wí láti bẹ́ẹ̀dì kejì. "Ojú mi ló ṣe."

Orí Abẹ-kì-í-ṣì wú. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo fèrèsé, ó tún wo ìyá rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú ní bóyá ó máa dáa kí àwọn fi bẹ́líìtì de Màmá mọ́ kẹ̀kẹ́, kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́.

"Rárá o, mà," ni Abẹ-kì-í-ṣì dáhùn. "Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìrìn kọ́ là ń so mọ́lẹ̀. Ẹ bá wa tún aago yẹn ṣe. Èmi á ra bàtà tí kì í yọ̀. Ẹ wá wá ẹni tí á máa kọ́ wọn ní ìrìn."

Dókítà ní òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá náà lọ yẹ aago wò, ó bá a pé ó ti kú, ó sì tọrọ àforíjì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún un ṣe.

Nígbà tí ìrora ìbàdí lọ, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin tí arúgbó ń dì mú rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, olùkọ́ ìrìn wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ wọn ń fẹ̀yìn rìn níwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Kúrò lọ́nà jàre," ni Màmá wí. "Ìwọ lò ń dí mi lọ́wọ́."

Ó yà fún wọn. Wọ́n kọjá lára rẹ̀, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tí oòrùn ti ń wọlé, wọ́n dúró, wọ́n mí kanlẹ̀. Ó tẹ̀lé wọn, ó kí wọn kú iṣẹ́.

"Ṣé ibí yìí náà lọ̀nà pin sí?" ni Màmá bi olùkọ́ wọn.